Tàjúdéènì àti Ẹ̀rọ Keje

Ẹ bá mi kí Tàjúdéènì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ kí i dáadáa o, torí bí ẹ bá kí i tí ẹ kò pè é ní dókítà, kò ní jẹ́ yín. Ọdún 2006 ni mò ń sọ, nígbà tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Port Harcourt. Ó ṣì ku ọdún kan gbáko kí ó di dókítà, ṣùgbọ́n kóòtù funfun ló ń wọ̀ lọ ra tòmátì ní Rumuokoro.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà aláìsàn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni fúláàṣì kọ̀ǹpútà so rọ̀ sí. Nígbà náà, fúláàṣì ṣì jẹ́ nǹkan ńlá, ẹni tó bá ní i kì í fi í sápò. Èmi Nasir tí a jọ ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo mọ ohun tó wà nínú tirẹ̀. Fọ́tò ara rẹ̀ mẹ́rìnlá ni, ọ̀kan náà sì ni gbogbo wọn.

Ó tún ní àpò lápútọ́ọ̀pù. Lápútọ́ọ̀pù kò sí níbẹ̀. Gàrí wà níbẹ̀, ẹ̀pà wà níbẹ̀, aṣọ ìnura kan sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí àpò náà rí bọ̀kìbọ̀kì. Bó bá fẹ́ jókòó, á rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, á ní, "Ẹ rọra o, nǹkan wà níbẹ̀." Kò purọ́. Nǹkan wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ọdún kìíní sọ ọ́ lórúkọ títí. Baba Íńtánẹ́ẹ̀tì. Atẹkọ̀ǹpútà-bí-ẹni-tẹ-dùrù. Ọ̀kan-ṣoṣo-tó-mọ-ibi-tí-Google-ń-sùn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀dá rẹ̀, ó kàn fi sí wọn lẹ́nu ni.

Ẹ má dá wa lẹ́bi. Ọdún yẹn ni àwọn olùkọ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ nótì àtijọ́ mọ́, pé kí a máa wá ìwé ìwádìí tuntun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Òkú tí a là ní ọdún kejì kò bà wá lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Òkú kì í béèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹni. Nítorí náà, nígbà tí Tàjúdéènì bá lọ sí káfè Madam Chioma ní Rumuokoro lọ́jọ́ Sátidé, tó sì gbé ìwé tó nípọn bọ̀, ńṣe ni a ń yà fún un lọ́nà.

"Ìwé mílíọ̀nù mẹ́ta ni mo kà lórí ibà lánàá," ló máa ń wí.

Mílíọ̀nù mẹ́ta, láàárín wákàtí méjì. A mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó wò.

Ẹni tó mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ ni Bilkis. Ọmọ ọdún kẹta ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ ará Ọ̀yọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Eliozu. Lọ́jọ́ Sátidé, Bilkis ló ń bá Madam Chioma tọ́jú káfè, Madam sì ń jẹ́ kó lo ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí èrò kò bá pọ̀. Ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ìwé tó wúlò tó jáde. Ó mọ bí a ṣe ń wo ẹni tó kọ ìwé, ọdún tó kọ ọ́, àti iye aláìsàn tó yẹ̀ wò kí a tó gbà á gbọ́. Ìwé tí Tàjúdéènì ń gbé bọ̀, òun ló ń wá a.

Kí wá ni iṣẹ́ Tàjúdéènì? Ẹ̀rọ mẹ́jọ ló wà ní káfè yẹn, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ keje ló kọjú sí fèrèsé, ó sì falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kankan kò fẹ́ ẹ. Madam Chioma wá fi í sílẹ̀ fún Tàjúdéènì nìkan, torí bí èrò ọ̀nà bá rí dókítà lójú fèrèsé, wọ́n á rò pé ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lọ nìyẹn, wọ́n á sì yà wọlé. Iṣẹ́ Tàjúdéènì ni kí wọ́n máa wò ó. Bilkis á wà nídìí ẹ̀rọ kẹjọ, níbi tí ojú fèrèsé kò dé, á máa ṣiṣẹ́.

"Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré," Tàjúdéènì wí lọ́jọ́ kan, ó na ẹsẹ̀. "Èmi ni ẹṣin iwájú."

"Bọ̀dá Tàjù, ẹ ò tíì tan ẹ̀rọ yẹn," Bilkis dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ náà ni mo béèrè ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́wọ́ Bilkis. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní iye ìwé tí ẹ̀rọ rí ló ń kọ sókè ojú ìwé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iye tí èèyàn kà. Tàjúdéènì gbọ́ ọ, kò sì mira.

"Ohun tí ẹṣin mi bá sá," ó ní, "èmi ni mo sá a."

Bilkis fi sùúrù kọ́ ọ ní ìwọ̀nba. Ó ní, "Àwòrán kẹta láti òkè, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí tí orí Tàjúdéènì fi gba ìyẹn nìkan. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí kò ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní yàrá wa pàápàá, bó bá fẹ́ tan iná, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń tẹ̀ ẹ́. Iná á tàn, á tún kú, á ní NEPA ti mú iná lọ.

Bí Bilkis bá sì dìde lọ dá oníbàárà lóhùn, Baba Íńtánẹ́ẹ̀tì á fi ìka kan ṣoṣo máa tẹ nǹkan díẹ̀díẹ̀, á fi kóòtù bo ojú ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni má rí i. A kò mọ ohun tó ń tẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, a ṣì máa mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, àwọn tó ti kàwé gboyè nílé ẹ̀kọ́ wa kọ́ yàrá kọ̀ǹpútà fún wa. Ẹ̀rọ mẹ́wàá, fáànù méjì, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ láti orí òrùlé. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ni kí ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ó máa kọ́ àwọn yòókù. Ẹni náà yóò gba lápútọ́ọ̀pù tuntun pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò kọ́kọ́ fi ìwé ìwádìí kan sílẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wá fi bí a ṣe ń wá ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì han gbogbo èèyàn nínú gbọ̀ngàn.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni Bilkis fẹ́ láyé yìí. Bó bá gbà á, kò ní máa rìn láti Eliozu lọ sí Rumuokoro nínú òjò mọ́ kí ó tó ka ìwé kan. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ ìwé rẹ̀, lórí ibà lára àwọn aboyún ẹsẹ̀ odò ní Abuloma. Ó gbé e fún Tàjúdéènì pé kí ó bá òun wò ó, bí àbúrò ṣe ń gbé iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n.

Tàjúdéènì wò ó. Ó wò ó débi pé nígbà tí orúkọ àwọn tó fi ìwé sílẹ̀ jáde, tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ibà Abuloma sì wà níwájú orúkọ náà.

Bilkis wá bá a ní ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Bọ̀dá Tàjù, ìwé mi nìyẹn."

"Ìwé wa ni. Ṣé o fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ọmọ ọdún kẹta ń bá èmi díje? Orúkọ tìẹ náà á wà nínú èyí tó ń bọ̀."

"Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè."

"Abeg, Bilkis, no vex. Tí mo bá gba kọ́kọ́rọ́, ìwọ ni màá kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún."

Ọmọ náà yí padà, ó lọ. Mo sọ fún Tàjúdéènì pé ohun tó ṣe kò dáa. Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká. "Nasir, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó sì lè jẹ́ àáké ẹlòmíràn." Ó wá ṣèlérí àga ẹ̀gbẹ́ fáànù fún mi nínú yàrá tuntun. Ẹ̀yin ará mi, ooru Port Harcourt kì í ṣe eré. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo dákẹ́.

Ó ti kọ òfin yàrá náà sílẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láì kí Baba Íńtánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ nǹkan jáde, mọ́ọ̀tì ìgò kan ni yóò fi sanwó. Mọ́ọ̀tì náà kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ó ku ọjọ́ méjì kí a pé jọ sí gbọ̀ngàn, ó lọ dán àwọn ẹ̀rọ tuntun wò. Ó ka àwòrán láti òkè, ó tẹ ẹ̀kẹta lẹ́ẹ̀mejì. Lórí àwọn ẹ̀rọ yẹn, ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí ni àwòrán kẹta. Ó ṣí, ó ṣófo. Tàjúdéènì yíjú sí Tonye, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

"Dis your computer empty," ó ní. "Nothing dey inside."

Tonye wò ó lójú, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba ọ̀gá. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé, ó sì mọ̀ ọ́n bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé lójú òkùnkùn: ìgbésẹ̀ mẹ́ta síwájú, yà sọ́tùn-ún. Bí ẹ bá sún àga kan péré, ó ti ṣubú. Ó dìde, ó ní àwọn ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ kéré sí iṣẹ́ òun. Ẹ̀rọ keje ni òun yóò gbé wá.

"Dokta, why you wan carry number seven?" Madam Chioma bi í ní Sátidé. "All of dem na one mama born dem."

"Madam, dis one sabi my hand."

Bilkis dìde níbi tó wà. Inú rẹ̀ kò dùn, ẹnikẹ́ni tó bá rí i yóò mọ̀. Síbẹ̀ ó sọ ohun tó yẹ kí ó sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un títí di òní.

"Bọ̀dá Tàjù, ẹ̀rọ yìí máa ń rántí gbogbo ohun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n nù ún kúrò kí ẹ tó gbé e lọ."

Tàjúdéènì na ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀rọ. "Má fọwọ́ kàn án. O fẹ́ da ọ̀nà mi rú ni? Jẹ́ kó máa rántí. Ẹni rere ni wọ́n ń rántí."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ tèmi o."

Bí a ṣe gbé ẹ̀rọ keje sínú takisí nìyẹn. Móńítọ̀ náà, ojú ẹ̀rọ irú èyí tó ní ìdí gbàǹgbà, orí itan mi ló wà láti Rumuokoro dé ilé ẹ̀kọ́. Itan mi kú tipiri. Tàjúdéènì jókòó síwájú pẹ̀lú àpò gàrí.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn tó kọ́ yàrá náà wà níwájú, àwọn olùkọ́ wà lẹ́yìn wọn, àwa akẹ́kọ̀ọ́ gba ibi tó kù títí dé ojú fèrèsé. Olórí ẹ̀ka wa jẹ́ obìnrin ará Abuloma kan tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n ju omi ẹ̀rọ lọ. Òun ni a ń pè ní Máàmù. Tonye so ẹ̀rọ keje mọ́ ohun tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ojú ẹ̀rọ náà wá hàn lára ògiri, ó tóbi tó ilẹ̀kùn ọgbà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀, èmi ni mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín.

Tàjúdéènì bọ́ síwájú pẹ̀lú kóòtù tó ti lọ̀ títí ó fi le gbagidi.

"Máàmù, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀rọ ìwádìí tèmi nìyí. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń lò ó. Ọwọ́ ẹlòmíràn kò kàn án rí. Ohun tí ẹ bá rí nínú rẹ̀, èmi ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ ọdún kìíní ké orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ó dáa," Máàmù wí. "Wá ìwé ìwádìí mẹ́ta fún wa lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn aboyún. Kí o sọ èyí tí a lè gbára lé nínú wọn, àti ìdí rẹ̀."

Tàjúdéènì na ìka títí ó fi ró. Ó ka àwòrán láti òkè, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Íńtánẹ́ẹ̀tì ṣí. Mo mí. Ó gbé máòsì lọ sí àpótí gbọọrọ tí wọ́n ń kọ ìbéèrè sí, níbi tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rọ keje rò pé ó ń béèrè ohun tó ti tẹ̀ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀rọ tó gbọ́ràn ni. Ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tó wà lókè pátápátá ni "báwo ni a ṣe ń tan kọ̀ǹpútà". Èyí tó tẹ̀ lé e ni "báwo ni a ṣe ń pa á". Ẹnìkan fín ẹ̀rín sí mi lẹ́yìn ọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni "ṣé kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé èèyàn kò mọ̀ ọ́n", "bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n", àti "dókítà tó rẹwà jù ní Áfíríkà".

"Kí nìyẹn?" Máàmù bi í.

"Fáírọ́ọ̀sì ni, Máàmù. Ẹ̀rọ náà ti kó àrùn."

"Ìwọ ni dókítà. Wò ó sàn."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Tàjúdéènì di máòsì mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń lé adìẹ. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ìwé náà ń lọ sísàlẹ̀, tí òmíràn ń yọ. "Tàjúdéènì". "Dókítà Tàjúdéènì". "Ọ̀jọ̀gbọ́n Tàjúdéènì". "Ọ̀jọ̀gbọ́n Tàjúdéènì ẹ̀bùn àgbáyé". Ọkùnrin kan nínú àwọn tó kọ́ yàrá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu omijé.

"Máàmù, ẹ̀rọ káfè ni," Tàjúdéènì kígbe. "Gbogbo èèyàn Rumuokoro ló ń lò ó."

"O ní ọwọ́ ẹlòmíràn kò kàn án rí." Máàmù wo ògiri. "Àbí gbogbo èèyàn Rumuokoro ló ń wá Ọ̀jọ̀gbọ́n Tàjúdéènì?"

Àwọn kan ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rí ọmọ ọdún kìíní kan tó gbá àga mọ́ra tó ń sunkún ẹ̀rín. Ibẹ̀ ni èyí tó kẹ́yìn pátápátá yọ, nísàlẹ̀, ó sì hàn kedere: "bí a ṣe ń yọ orúkọ ẹlòmíràn kúrò lára ìwé ìwádìí".

Ẹ̀rín dá. Máàmù gbé ìwé ibà Abuloma tó wà níwájú rẹ̀.

"Orúkọ ta lo yọ?"

Tàjúdéènì wo ilẹ̀. Ó wo àpò lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, bí ẹni pé ìdáhùn wà nínú gàrí. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Bilkis lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó di etí ìborùn rẹ̀ mú. Mo rántí àga ẹ̀gbẹ́ fáànù. Mo rántí ooru. Ojú ara mi tì mí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ, ni mo bá dìde.

"Bilkis ni, Máàmù. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Ojú mi ló ṣe, mo sì dákẹ́."

Máàmù pè é síwájú. Bilkis rìn kọjá láàrin gbogbo wa, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ keje. Gbogbo wa ń dúró kí ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wá ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó kọ́kọ́ lọ síbì kan nínú ẹ̀rọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohun tó wà lára ògiri sì pa rẹ́ títí dórí Ọ̀jọ̀gbọ́n Tàjúdéènì. Ó yíjú sí i, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ ní Yorùbá.

"Ó ti lọ, Bọ̀dá. Ẹ lè jókòó."

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ìwé mẹ́ta. Ó fi ọ̀kan tì, ó ní aboyún mọ́kànlá péré ni wọ́n yẹ̀ wò, a kò lè torí èèyàn mọ́kànlá kọ oògùn fún gbogbo ayé. Ó ṣàlàyé èyí tó dára jù. Máàmù rẹ́rìn-ín. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, eyín rẹ̀ funfun. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì mú gègé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Bilkis sára ìwé ibà Abuloma.

Èmi àti Tàjúdéènì la gbé ẹ̀rọ keje padà sí Rumuokoro. Lọ́tẹ̀ yìí, móńítọ̀ náà wà lórí itan rẹ̀.

"Dokta, how e go?" Madam Chioma bi í.

"Network no good," ó ní.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Bilkis bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Mo wá, mo jókòó síbi tí fáànù kò dé, ó tọ́ sí mi. Yàrá kún. Ó kí wa, ó ní kí a gbé máòsì lọ sínú àpótí gbọọrọ tí a ń kọ ìbéèrè sí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

A tẹ̀ ẹ́. Máòsì dún kó, ní ohùn kan náà, lọ́wọ́ gbogbo wa.

Láti ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a gbọ́ kó-kó.

Ẹnikẹ́ni kò wo ẹ̀yìn. A ti mọ ẹni tó wà níbẹ̀.